Ohun tí Sàlámátù Fi Pamọ́ Sábẹ́ Igi Èmì

Ẹ̀yin ará ilé mi, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Òkè-Ògùn ṣe rí. Mo ti sọ̀rọ̀ àpáta fún yín. Mo ti sọ̀rọ̀ wàrà àti iyán tí kò ní kókó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ara mi ti le, ẹ ní ó dà bí ẹni pé mo gbádùn. Èyí tí n kò sọ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, torí pé nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́, ibì kan wà tí mo máa ń dé tí mo máa ń yà sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Gàníyù, tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà èwe wa, ló di ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kékeré tó wà láàárín Ìgbòho àti Kíṣí. Ó ní àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ dúró níbẹ̀, pé kíláàsì kẹrin ti wà láìní tíṣà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ti wà nílé ọkọ rẹ̀. Kí ni mo jókòó tì? Mo ní n ó lọ.

Ilẹ̀ gbígbẹ

Etí omi ni a bí gbogbo wa sí ní Ìlàjẹ. Nílé wa, ọmọ á ti mọ ọkọ̀ í wà kó tó mọ aṣọ í wọ̀. Nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, mo rí i pé àwọn igi ti ń jìnnà síra wọn. Nígbà tí a fi máa fi Ṣakí sílẹ̀, koríko ló kù, àti àpáta, àti ojú ọ̀run tó fẹ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo ń wá odò. A gorí afárá kan, mo na ọrùn wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: iyanrìn ni, àti ipa ẹsẹ̀ màlúù. Oṣù Kọkànlá nìyẹn o, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo bi ara mi pé báwo ni ibẹ̀ á ti rí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé tán.

Agboolé Àfáà ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Bàbá arúgbó ni Àfáà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú agboolé náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sàlámá, ló gbé omi wá fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í sábà wà nílé. Oko iṣu rẹ̀ jìnnà, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé.

Ìwà àwọn èèyàn yẹn yà mí lẹ́nu. Wọ́n kí mi títí. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè àwọn tí mo fi sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bi mí pé ta ni mí títí mo fi jẹun tán, tí mo sùn, tí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wọn kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá ni mo kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ọwọ́ mi kò yéé wá ẹja kiri inú àwo. Ìyá Sàlámá rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ẹja ò mọ ọ̀nà ibí."

Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí, àmọ́ àlejò pátápátá ni mí níbẹ̀. Bí mo bá gbàgbé ara mi tí mo sọ èdè ilé wa, àwọn ọmọ á máa wojú ara wọn. Ẹnì kan bi mí bóyá ìlú òyìnbó ni Ìlàjẹ wà. Sàlámátù nìkan, ọmọ Ìyá Sàlámá, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ, ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ tí kò yé wọn, láti orí èyí tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo dé, ní ohùn ilé wa gan-an, bíi pé ìyá mi ló bí i. Ó ní kí n sọ ìtumọ̀ wọn fún òun níkọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ewúrẹ́ wà

Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà ní kíláàsì mi. Ìwé kíkà mẹ́ta ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n ka ìtàn kan fún mi, ni gbogbo wọn bá dìde, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì kà á láti òkè délẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ìtàn àgbẹ̀ kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ ni, lédè òyìnbó. Inú mi dùn. Mo wá béèrè pé, "Kí ni ewúrẹ́ náà ṣe?"

Nígbà tó yá, mo rí i tí ètè wọn ń mì. Wọ́n ti padà síbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, wọ́n ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n ń wá ibi tí ewúrẹ́ wà.

Orin ni wọ́n ti sọ ìwé dà. Èyí tí mo sì ń kọ́ wọn fúnra mi, bí mo bá kọ́ wọn ní ọjọ́ Ẹtì, tó yé wọn, tí wọ́n ń pariwo ìdáhùn, tó bá fi di ọjọ́ Ajé, ó ti lọ. Mo bínú. Mo na àwọn kan, n kò ní purọ́ fún yín. Mo lọ bá Gàníyù ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní orí àwọn ọmọ yìí kò gba nǹkan dúró.

Ó wò mí, ó ní, "Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń ka kéú lórí láìwo ibì kankan. Inú agboolé Àfáà lo ń gbé. Ṣé o ti jókòó wo bí bàbá yẹn ṣe ń ṣe é rí?"

N kò jókòó wò ó rí. Ọmọ ìjọ ni mí, mo rò pé kò kàn mí.

Lábẹ́ dóńgóyárò

Mo lọ jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àfáà wà lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, àwọn ọmọ yí i ká pẹ̀lú wàláà wọn, pákó tí wọ́n ń kọ kéú sí. Ohun tí mo rí rèé: kò kọ́ ọmọ kankan ní ohun tuntun títí onítọ̀hún á fi sọ tàná látorí. Bó bá sọ ọ́ dáadáa, wọ́n á fọ wàláà náà mọ́, wọ́n á kọ tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀, bàbá á tún bi í ní ti oṣù tó kọjá. Bí ọmọ bá gbàgbé, Àfáà kì í tètè sọ fún un. Á máa wò ó. Ọmọ náà á máa họ orí.

"Bàbá," mo ní, "kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n wò ó?"

"Wíwò dùn, Tíṣà," ó dá mi lóhùn. "Ẹni tó ń wò ó á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a bá fọ wàláà la máa mọ èyí tó mọ̀."

"Tí kò bá wá rí i rántí ńkọ́?"

"Kó wá a. Bó bá wá a tó làágùn díẹ̀, tí mo wá fi ọ̀rọ̀ kan ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èyí tí mo bá kàn sọ fún un, kò ní bá a délé." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa ń padà bi wọ́n?"

N kì í padà bi wọ́n rárá. Mo kọ́ wọn, mo kọjá lọ. Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni mo ti yí i padà. Láràárọ̀, kí n tó kọ nǹkan kan sójú pátákó, mo máa ń ní kí wọ́n kó ìwé kúrò nílẹ̀. Mo máa ń béèrè tàná, tọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ọ̀kan láti inú èyí tó ti pẹ́. N kò na ẹnikẹ́ni mọ́ tó bá gbàgbé. Mo máa ń ní kó wá a. Mo sì ń béèrè ìtumọ̀, kí ewúrẹ́ má baà tún sọnù.

Sàlámátù kì í wá a pẹ́. Ohunkóhun tí mo bá béèrè, á di ojú díẹ̀, á sì sọ ọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wò nígbà tó bá dijú.

"Ọ̀nà odò ni, Tíṣà."

"Ọ̀nà odò báwo?"

"Mo fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀ ni. Tí mo bá ti fi ọkàn rìn débẹ̀, mo máa bá a."

Ó mú mi lọ wò ó lẹ́yìn ilé ìwé. Ìsọdipúpọ̀ ló tò sẹ́bàá ọ̀nà náà. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án wà lórí òkìtì ọ̀gán. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ wà níbi àpáta tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Méje lọ́nà mẹ́jọ, tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù, ó fi í sábẹ́ igi èmì, igi tí àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta," ó ní, ó sì fi ọwọ́ lu ara igi náà bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin. Ẹni kankan ò kọ́ ọ. Mo bi Àfáà, ó ní òun náà ò mọ ibi tó ti rí i.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kó gbogbo kíláàsì jáde sójú ọ̀nà yẹn. Oníkálukú yan ibi tirẹ̀. Títí ọyẹ́ fi wọlé tó sì fi ń lọ, ìyẹn ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè sọ fún yín pé mo gbádùn. Àwọn ọmọ tí mo ti nà rí ń na ọwọ́ sókè. Àwọn ìyá wọn ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wàrà wá, torí pé ọmọ wọn méjì ti ń ka nǹkan fún wọn nílé. Mo kọ lẹ́tà sí ọmọ mi pé mo ti di olùkọ́ nígbà tí mo ti di ìyá àgbà.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá

Ooru wọlé lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ̀yin ò mọ ooru. Àgbá omi inú ilé á gbóná bí ẹni gbé e lé iná. Àwọn èèyàn ń sùn síta, eruku ń wọ ọ̀fun, gbogbo ọmọ ń wúkọ́.

Gàníyù ti sọ ohun tí à ń ṣe fún àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ wá fojú rí i. Mo ti sọ fún Sàlámátù pé òun ló máa dìde dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń gbá kíláàsì lọ́wọ́, ó wá dúró tì mí.

"Tíṣà, orí ń fọ́ mi. Ọrùn mi náà ń dùn mí."

N kò fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lóde. Mo ní, "Ṣe é tán ná, ọmọ mi. Tí wọ́n bá ti lọ, kó o lọ sùn."

"Ó dáa, Tíṣà."

Àwọn àlejò mẹ́ta jókòó. Sàlámátù dìde, ó di tábìlì mú. Ó sọ ìtàn inú ìwé fún wọn, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó dáhùn ìṣirò mẹ́rin, márùn-ún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo rò pé ìtìjú ni. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè méje lọ́nà mẹ́jọ.

Ó dijú. Ó pẹ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé kó ṣe kíá.

"Mo ti dé abẹ́ igi náà, Tíṣà," ó ní. "N kò rí nǹkan kan."

Ó bì, ó sì ṣubú sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀, tí wọ́n sáré lọ pè, àti ọlọ́kadà ló gbé e sáàárín lọ sí ilé ìwòsàn. Mo tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà mìíràn. Ọrùn rẹ̀ ti le, kò ṣe é tẹ̀ síwájú. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí dókítà tó sọ pé àrùn yírùnyírùn ni, èyí tó máa ń jà nígbà ooru, ó sì ní ká lọ sọ fún abúlé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sùn pọ̀ nínú yàrá kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọ méjì ti kú nínú kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Fúlàní tó ń kàwé fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé pa. Àwọn elétò ìlera wá gún àwọn tó kù lábẹ́rẹ́.

Ẹni tó padà

Sàlámátù kò kú. Gbogbo agboolé dúpẹ́. Wọ́n gbé e wálé lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rù, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Mo pè é láti ẹ̀yìn, kò yíjú. Mo tún pè é. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó mi orí.

Etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Dókítà ní kò jọ pé wọ́n á tún là mọ́.

Ó mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ ilé. Ojú mi kò ṣàjèjì sí i, àmọ́ kò lè pe orúkọ kankan fún mi. Lọ́jọ́ kan ó lọ jókòó síwájú Àfáà lábẹ́ dóńgóyárò fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kéú tí bàbá ti kọ́ ọ láti kékeré. Ìyẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó tún wálẹ̀, torí pé kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó ṣi ibì kan kà. Àfáà tún un ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Sàlámátù kò dúró, ó ń ka tirẹ̀ lọ. Bàbá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú.

Gbogbo èyí tí mo kọ́ ọ láti oṣù Kọkànlá ni kò sí mọ́. Mo ní n ó tún kọ́ ọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà, ó ń wo àwọn àmì náà, ó ń wo ètè mi. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ṣe. Ìwé mẹ́ta fún ọmọ mẹ́tàlélógójì: n kò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń fi ojú kàwé dójú àmì. Ẹnu àti etí ni mo gbà kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀, mo sì ń yangàn pé orí wọn jí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo ṣí, ìyẹn náà ló tì.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ̀nà odò. Lábẹ́ igi èmì, mo gbé ìka méje sókè, mo gbé mẹ́jọ sókè, mo ń lu igi náà bí òun gan-an ti máa ń lù ú. Ó gbójú sókè. Mo rò pé ó ti rántí. Ó nawọ́ sí ẹ̀ka kan, ó ń wò bóyá èso rẹ̀ ti pọ́n.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, òjò ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ti bá bàbá wọn lọ kọ ebè. Mọ́kàndínlógún ló wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti pẹ́, gẹ́gẹ́ bí Àfáà ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo dé orí méje lọ́nà mẹ́jọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀kan tó lanu. N kò tún béèrè rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí mo lọ

Mo ṣe ọdún náà parí. Gàníyù bẹ̀ mí kí n dúró, mo ní ara mi kò yá. Láti ọjọ́ tí Sàlámátù ti ṣubú ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi, tí mo ń jẹun ìyá rẹ̀ láàárọ̀, tí mo ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, tí kò ṣe é sọ. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo bá a nídìí ààrò, ó ń kó wàrà díndín sínú ọ̀rá fún mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá Sàlámá, láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò wá, ọmọ yín sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun. Èmi ni mo ní kó ṣe é tán."

Kò dúró nínú ohun tó ń ṣe.

"Mo mọ̀, Tíṣà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni. Lórí ọ̀kadà. Ó ń sọ ọ́ sí mi létí títí a fi débẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, pé òun ò rí èyí tó wà lábẹ́ igi."

Mo ka iye oṣù tó ti kọjá lọ́kàn mi. Mo ka àwo oúnjẹ tó ti gbé ka iwájú mi láti ìgbà náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi jà?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú àìsàn wá. Bó ṣe rí nìyẹn tí mo bá ń wojú yín. Tí ó bá ku èmi nìkan níbí, ó máa ń rí bákan mìíràn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn tó sọ sí mi létí. Gbogbo ohun tí ọmọ mi mọ̀ ló gbà kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yìí tí mò ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà kúrò lórí tèmi, kò tíì gbà á."

Ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí oòrùn pa á lọ́nà.